Ojú Bàbá Mi Nínú Fídíò

"Kí lò ń wá lẹ́yìn gáàmù yẹn?" Bàbá mi ló bi mí bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ń fi sáńpépà fá ara ilẹ̀kùn kan tó gbé lé orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀.

"Bírò mi ni, sà."

"Bírò? Nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà? Pẹ́ńsùlù la ní níbí o. Ọ̀kan wà létí mi, wá yọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà fipá rẹ́rìn-ín. Mo ti ki fóònù mi sáàárín agolo gáàmù méjì lórí pẹpẹ, mo ti tẹ ibi tó ń ká fídíò, ojú rẹ̀ sì dojú kọ bàbá mi gan-an. Mo ní, "Ó dàbọ̀, sà," mo jáde. Bàbá mi ò mọ nǹkan kan.

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bú mi dáadáa.

A ní ẹgbẹ́ onífíìmù nílé ìwé wa. Tíṣà kan ló ń darí rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló sì máa ń kọ́ wa nípa fíìmù ajániláyà. Ó ní kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú fíìmù adẹ́rùbani o. Òkú kì í jí níbẹ̀, iwin kì í yọjú níbẹ̀. Èèyàn bíi tiwa ni gbogbo wọn, ohun tó sì ń já wa láyà ni pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Ó pín wọn sí oríṣiríṣi, mo sì mọ gbogbo wọn lórí ju ìṣirò lọ.

Bó bá jẹ́ ti ìwádìí, ọlọ́pàá kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí kì í sùn, tí ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde, ẹni tí ẹ ò fura sí rárá ló sì máa ń jẹ́ apànìyàn náà. Bó bá jẹ́ ti amí, ọ̀gá tó rán an níṣẹ́ gan-an ni yóò dà á. Ti ilé ẹjọ́ ní tirẹ̀, ìgbà tí adájọ́ bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ ni ẹlẹ́rìí kan yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé, tòun ti òógùn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú orí èèyàn ni gbogbo wàhálà wà, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ohun tó ń rí wà lóòótọ́ àbí ọkàn rẹ̀ ló ń tàn án. Ti ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ náà wà, tí yóò máa sá kiri títí tí òótọ́ yóò fi hàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìjínigbé. Fóònù yóò dún, ohùn burúkú kan yóò ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Bàbá ọmọ náà yóò sì lọ sọ fún ọlọ́pàá ní gbogbo ìgbà, torí bí kò bá sọ, fíìmù ò ní rìn.

Tíṣà tún ní òfin kan wà tó kan gbogbo wọn: ẹ jẹ́ kí òǹwòran mọ ohun tí ẹni inú fíìmù ò mọ̀. Bí òǹwòran bá rí ejò nínú bàtà, tí ẹni tó fẹ́ wọ bàtà náà ò rí i, kò sẹ́ni tí yóò dìde lọ tọ̀. Ẹ̀rín pa wá lọ́jọ́ náà. Òfin yẹn ló kó bá mi.

Ìdíje kan dé, ti fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́wàá fún àwọn ilé ìwé. Àwọn tó bá gbapò kìíní yóò lo ọlidé níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ fíìmù ṣíṣe. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Dírẹ́kítọ̀, torí kò sí ibi tó dé tí kì í ti pàṣẹ fún èèyàn. Òun ló ń darí, èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀. A ya fíìmù ìjínigbé tiwa tán, ó kù síbi kan ṣoṣo: ìgbà tí bàbá ọmọ náà gba ìpè. Ọmọ kíláàsì wa tó ṣe bàbá ń sunkún bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà.

"Kò jọ òótọ́," Dírẹ́kítọ̀ sọ. "Ojú gidi la fẹ́. Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Orí ẹ pé báyìí?"

"Ìṣẹ́jú méjì péré. A ó pè é, a ó ká ojú rẹ̀, ìwọ á wọlé lọ bá a, wàá ní, 'Bàbá, eré ni o!' Òun náà á rẹ́rìn-ín. Àbí bàbá ẹ kì í ṣeré ni?"

Bàbá mi ń ṣeré dáadáa. Mo ní mi ò ṣe. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Bẹ́rù bá ń bà ẹ́, sọ, kí n tètè wá ẹlòmíì. Èmi fẹ́ gba ipò kìíní ní tèmi." Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ ń wo ẹnu mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ojo. Mo ní ó dáa.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró lábẹ́ ìbòòji ilé kan tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje tí gbogbo ilé ń pè ní Kékeré, wà nílé àwọn Dírẹ́kítọ̀, ó ń wo kàtúùnù. A ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀. Bísíkíìtì la fi bẹ̀ ẹ́ tó fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin: "Bàbá, ẹ wá mú mi o." Ohun kan wà lórí fóònù Dírẹ́kítọ̀ tó máa ń yí ohùn padà, tó ń sọ ohùn ọmọbìnrin di ti ọkùnrin tó há. Ọ̀rọ̀ tó máa kà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, kò sẹ́ni tó bá mi kọ ọ́.

Ó pè láìjẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, bàbá mi gbé e. Dírẹ́kítọ̀ ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ọmọ rẹ ọkùnrin wà lọ́wọ́ wa. Máa bọ̀ ní ilé alájà mẹ́ta tí wọn ò kọ́ parí, lẹ́yìn ojú irin. Ìwọ nìkan. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Pa fóònù rẹ báyìí." Ó wá fi ohùn Kékeré sí i. Bàbá mi sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́, ìpè sì já.

"Ó ti tó," mo ní. "Ó yá, kí n máa lọ."

"Dúró díẹ̀, jẹ́ ká ká ojú rẹ̀ dáadáa. Ká ọgọ́ta."

Mo kà á dé ọgọ́ta. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, torí ibẹ̀ ni mo rò pé yóò gbà sáré jáde, màá sì dì mọ́ ọn. Kò jáde. Mo wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, mo ń pariwo, "Bàbá, eré ni o!"

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà lórí ilẹ̀kùn tó ń fá, ó ti pa á. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Láti kékeré mi, mi ò rí i kí bàbá mi gba ẹ̀yìn yẹn jáde, torí pákó ló dí i pa. Ó ti wọ́ gbogbo pákó náà dà sápá kan. Ẹ̀yìn ló yá jù láti dé ojú irin.

Mo fa fóònù mi yọ nídìí gáàmù, mo pè é. Ẹ ò rí i bí orí mi ti dàrú tó? Fóònù tí mò ń pè wà níwájú mi, ó ti kú. Èmi ni mo kọ ọ́ pé kó pa á. Nínú gbogbo fíìmù tí mo ti wò, bàbá kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó máa ń pe ọlọ́pàá, ó máa ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó máa ń dọ́gbọ́n. Bàbá tèmi ò dọ́gbọ́n kankan. Wọ́n ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Mo sáré! Mo pàdánù bàtà kan lórí irin, mi ò yà mú un. Nígbà tí mo máa fi dé ilé náà, ọkùnrin kan ti ń bọ̀ níta, ó gbé bàbá mi pọ̀n sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ti ba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé náà ni. Ohùn rẹ̀ há. "Ẹ bá mi wá ọkọ̀! Ẹ bá mi wá ọkọ̀, ẹ̀yin èèyàn!"

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ò ní ọwọ́ ìdìmú. Bàbá mi ti sáré gùn ún dé àjà kejì, ó ń pe Kékeré, kó tó di pé sìmẹ́ńtì kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́dẹ ló gbọ́ bó ṣe já lulẹ̀.

"Ọmọ mi wà lókè," bàbá mi ń wí. "Ẹ bá mi mú un sọ̀ kalẹ̀. Ó wà lókè."

"Kò sí lókè, Bàbá! Ó wà nílé! Kékeré wà nílé!"

Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ sì pa dé. Mi ò sọ bí mo ṣe mọ̀.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní egungun itan òsì rẹ̀ ti dá sí méjì, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ náà sì ti ṣẹ́. Ọwọ́ tó fi ń di òòlù mú nìyẹn. Dókítà ní ó máa pẹ́ kó tó lè gbá ìṣó kan ṣoṣo. Màámi jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé Kékeré lé ẹsẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń sunkún pé Ọlọ́run ló yọ ọmọ yìí. Kékeré ń wò mí. Èmi ni mo lọ mú un wá láti ilé àwọn Dírẹ́kítọ̀; mo ti ní kó má sọ̀rọ̀, mo ní àṣírí fíìmù wa ni. Ọmọdé náà ò sọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Àwọn ọlọ́pàá dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n bi bàbá mi bí ohùn tó gbọ́ ṣe rí.

"Ohùn ọkùnrin ni," ó ní. "Ó há." Ó tún rò ó wò. "Ọkùnrin tó gbé mi wá síbí… ohùn rẹ̀ jọ ọ́. Ohùn yẹn ni, sà. Kí ló tún ń ṣe nínú ilé yẹn?"

Mo dúró ti bẹ́ẹ̀dì, mo di ife omi mú, omi náà ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ọlọ́dẹ ò tíì lọ ilé rẹ̀. Ó wà lórí bẹ́ńṣì níta pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́jẹ̀ yẹn, ó ń dúró kí wọ́n sọ fún un bóyá ẹni tó gbé wá máa yè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó kàn ń bi wọ́n pé, "Kí ni mo ṣe?" Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Dírẹ́kítọ̀ wá sílé wa ní ọjọ́ kejì. Ó ti gba fídíò náà láti orí fóònù mi, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíìmù wa. Ojú òun náà ti wú, ó ti sunkún, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Síbẹ̀ ó ní, "Bí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé wa nílé ìwé. Bàbá ẹ ti ń gbádùn. Ọlọ́dẹ yẹn, wọ́n á fi í sílẹ̀ tí wọn ò bá rí nǹkan kan mú. Ṣebí o mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń parí. Ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́, òótọ́ rẹ̀ máa ń hàn."

Ẹ wò ó, mo gbà á gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó mọ̀wé, tó ń gba ipò kejì ní kíláàsì, mo jókòó sílé, mò ń retí kí ẹlẹ́rìí kan ṣílẹ̀kùn wọlé. Kò wá sí mi lọ́kàn pé èmi ni ẹlẹ́rìí náà.

Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó Ọlọ́dẹ wá sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi. Ó gbé ọmọ pọ̀n. Kò pariwo.

"Ẹ kú ara àìyá, sà. Ẹ dákun, kí ni ọkọ mi ṣe fún yín?"

Bàbá mi yíjú sí ògiri. "Ẹ lọ bi í. Ọmọ ọdún méje ló fẹ́ gbé lọ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ó gbé yín sẹ́yìn, sà. Ẹ̀yìn yẹn ti ń dùn ún láti ọdún tó kọjá. Ó gbé yín láti ibẹ̀ dé títì."

Màámi dìde fùú. "Ẹ jáde níbí! Ẹ ò tiẹ̀ tijú!"

Obìnrin náà jáde. Mo bá ara mi lórí eékún.

"Bàbá, èmi ni."

"Èmi ni kí ni?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n pè yín. Fíìmù la fẹ́ fi ojú yín ṣe, sà. Kò sẹ́ni tó gbé Kékeré. Ọlọ́dẹ ò mọ nǹkan kan."

Kò yé e. Mo ní láti tún un sọ, mo ní láti ṣí fóònù mi, kí n gbé e síwájú rẹ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì gbà á. Ó wo ara rẹ̀ níbi tó ti ń fá ilẹ̀kùn, ó rí bí fóònù ṣe dún. Nínú fídíò náà, kò pariwo rárá. Sáńpépà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ohun tó sọ, tí mi ò gbọ́ lọ́jọ́ náà, wá jáde ketekete: "Ẹ má nà án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù tètè máa ń bà á. Ẹ má nà án, mò ń bọ̀."

Màámi gbá mi létí. Mo rò pé yóò tún gbá mi sí i, bàbá mi ní kó fi mí sílẹ̀.

"Ta ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà sí mi létí?"

"Èmi ni, sà."

Mo fẹ́ kó bú mi, kò bú mi. Ó tẹ ibì kan lórí fóònù náà, ó fi hàn mí. Ó ń wá ibi tí wọ́n ń gbà pa fídíò rẹ́. "Bí a bá ti fi hàn ní àgọ́ ọlọ́pàá tán, mo fẹ́ pa á rẹ́ fúnra mi," ó ní. "Obìnrin yẹn ò tíì jìnnà. Sáré pè é padà."

Dókítà ní kò gbọdọ̀ jáde. Bàbá mi ní bí wọn ò bá gbé òun, òun á fàyà fà dé ibẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú báńdéèjì líle tó gba gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní àgọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá wo fídíò náà, ó gbọ́ ẹjọ́ mi, ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Dírẹ́kítọ̀ tòun ti òbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Ọlọ́dẹ jáde. Ètè rẹ̀ ti wú, ó ń fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà ló ṣì wọ̀.

Bàbá mi gbìyànjú láti dìde lórí àga. Ẹsẹ̀ ò jẹ́. Ó tẹ̀ síwájú títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eékún rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀.

"Ẹ gbé mi pọ̀n, mo fi yín lé wọn lọ́wọ́. Ohùn yín ni mo fi mọ̀ pé mi ò tíì kú, ohùn yẹn náà ni mo fi jẹ́rìí sí yín. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí."

Ọlọ́dẹ wò ó, ó wo èmi náà. Mo ti kúnlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sílé lọ wẹ̀, sà," ó ní. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ dì í lápá, wọ́n jáde. Nígbà tó dé ilé tó ń ṣọ́, wọ́n ti gba ẹlòmíì síbẹ̀.

Ilé ìwé lé èmi àti Dírẹ́kítọ̀ sílé títí táàmù fi parí, a ò ṣe ìdánwò, fíìmù wa ò sì lọ síbì kankan. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni ojú bàbá mi, kì í ṣe èyí tó wà nínú fídíò. Ìyẹn, ẹ̀rù ni, ó sì ti lọ lójú rẹ̀ látìgbà tó ti rí Kékeré. Èyí tí mo rí ní àgọ́ ọlọ́pàá ni kò lọ. Ìtìjú ni, ìtìjú olóòótọ́ èèyàn tó jẹ́rìí èké sí ẹni tó gbà á là. Bàbá mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Èmi ni mo fi irọ́ sí i lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ gbọ́. Ẹni tó ń wo fíìmù mọ̀ pé ó máa parí, pé wọ́n á tanná, pé òun á dìde relé. Ẹni tí ẹ fi ẹ̀rù ṣeré sí lára ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ kì í ṣe fíìmù, ohunkóhun ló sì lè ṣe. Ẹ má ṣe é, bó ti wù kí àwọn ọ̀rẹ́ yín máa wo ẹnu yín tó. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi panu mọ́, tí mò ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ilẹ̀ àtìmọ́lé ni ọkùnrin tó gbé bàbá mi pọ̀n ń sùn.